Iṣu Inú Àga Ọmọ

Ẹni tó bá ní èmi Bàdírù ò mọ mọ́tò wà, kó jáde síta kí n rí i. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ná Ìlobù sí Òṣogbo, tí mò ń ná Òṣogbo sí Ìlobù. Mo ti gbé aboyún tí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti gbé àgbò mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹni tó ni wọ́n nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, tí ọ̀kan nínú wọn ń fi ìwo tì mí léjìká títí a fi dé Òṣogbo. Mọ́tò mi ò dojú dé rí, mi ò kọ lu ẹnikẹ́ni rí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tí mo bí bá pè mí lórí fóònù pé òun ò lè gbé ọmọ òun sínú mọ́tò mi, ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín ni?

Malikah ni àkọ́bí mi. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìfọ́n, ibẹ̀ náà ló lọ́kọ sí. Mansur lorúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni yóò bẹ̀ ọ́. Ọlọ́run fún wọn lọ́mọbìnrin, a sọ ọ́ ní Màríámọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni mo ti sọ fún gbogbo gáréèjì Ìlobù pé lọ́jọ́ tó bá pé ogójì ọjọ́, tí ìyá rẹ̀ máa gbé e wá kí ilé wa, mọ́tò tèmi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ láyé. Kò sì tíì wọ mọ́tò rí lóòótọ́, torí ẹ̀yìnkùlé wọn ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé e relé. Mo fọ́nnu débi pé Fàwáz, awakọ̀ ẹgbẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ti ń pè mí ní Dírẹ́bà Màríámọ̀. Ó ní àwọn máa tò sí etí ọ̀nà, àwọn máa fun fèrè mọ́tò fún wa lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí Sátidé rẹ̀ máa jẹ́ ogójì ni Malikah pè mí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi. Ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ wá gbé wa. Ṣé àga ọmọ ti wà nínú mọ́tò yín?"

"Àga wo? Kí ló wà nínú mọ́tò mi bí kò ṣe àga?"

"Àga ọmọ ọwọ́ ni mò ń wí, sà. Èyí tí wọ́n máa ń fi bẹ́líìtì mọ́tò dè mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, tí wọ́n á wá fi okùn tirẹ̀ de ọmọ mọ́nú rẹ̀."

Inú bí mi. Mo bi í bóyá ọmọ ló bí àbí ẹlẹ́wọ̀n. Mo ní orí itan ìyá rẹ̀ ni òun náà wà nígbà tí mo gbé e wálé, kò kú, kò rọ, ó tilẹ̀ gbó débi tó fi di nọ́ọ̀sì tó ń pàṣẹ fún mi.

"Láti Ìfọ́n sí Ìlobù sì ni! Kí èèyàn tó jẹ gúgúrú ẹ̀kúnwọ́ kan tán, ó ti débẹ̀!"

Malikah ò pariwo. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, bí mo bá ń gbóná, òun á máa tutù. Ó ní, "Bàbá mi, nígbà tó kù díẹ̀ kí n bímọ, wọ́n gbé ọmọ oṣù mẹ́ta kan wá bá wa níbi iṣẹ́. Orí itan ìyá rẹ̀ ló wà. Mọ́tò wọn ò kọ lu nǹkan kan, ewúrẹ́ ló já sọ́nà, awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ìyá di ọmọ mú o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ká a. Ọmọ náà fò lọ gbá iwájú mọ́tò. Ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mi ò lè gbàgbé."

Ni mo bá pa fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu àgbà, fóònù pípa ló kù.

Ìyá Malikah, ìyàwó mi, gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Bàbá Malikah, ẹ lọ ra àga," ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Bí ẹ ò bá rà á, Mansur ní mọ́tò o."

Ọ̀rọ̀ Mansur yẹn ló gún mi lára. Kí àna mi fi mọ́tò rẹ̀ gbé ọmọ-ọmọ mi wá sílé mi, kí Fàwáz máa wò ó? Láéláé! Mo ní màá ra àga. Mo ní èyí tó tóbi jù l'Òṣogbo ni màá rà.

Kingsley ni wọ́n júwe fún mi l'Òṣogbo, ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹrù ọmọ tókùnbọ̀. Àga tó tò síta tó mẹ́wàá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ìkòkò, mo ń tẹ́tí sí èyí tó dún dáadáa. Mo wá rí ọ̀kan, pupa fòò, fífẹ̀ bẹẹrẹ, ó ní ibi ìfọwọ́lé, ó ní ihò tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀pù sí. Mo ní èyí gan-an ni.

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni?" Kingsley bi mí.

"Yóò pé ogójì ọjọ́ ní Sátidé."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń jókòó síyẹn, sà. Ọmọ yín á sọnù sínú rẹ̀."

"Ṣé kò ní í dàgbà ni? Tí a bá ń rán aṣọ Iléyá fún ọmọdé, ṣé kì í ṣe èyí tó máa lò fún ọdún mẹ́ta là ń rán?"

Kingsley ní àga ò rí bí aṣọ. Ó ní èyí tó bá ọmọ mu lónìí ló ń dáàbò bo ọmọ lónìí. Mo fi í sílẹ̀, mo gbé òmíràn, kékeré, aláwọ̀ ewé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á dojú dé, ó fi ìlà tín-ín-rín kan hàn mí lẹ́yìn ike rẹ̀. Ó ní ó ti sán, ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú ìjàǹbá mọ́tò níbi tó ti wá, òun ò lè tà á fún ẹni tó máa gbé ọmọ sí i. Ó ní ilé lòun ń gbé e lọ kí adìẹ máa yé sínú rẹ̀. Mo wo ojú ọmọkùnrin yìí títí. Láti ìgbà tí mo ti ń rajà l'Òṣogbo, mi ò rí ọlọ́jà tó kọ̀ láti tajà rí. Mo rò pé ó ti fi pamọ́ fún ẹlòmíràn ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ẹnu mi fi gbẹ. Nígbà tó yá, ó gbé ọ̀kan fún mi, dúdú, kò lẹ́wà kankan, ṣùgbọ́n kò sán, okùn rẹ̀ pé, ọjọ́ ìlò tí wọ́n kọ sí i lára ò tíì kọjá.

"Ẹ̀yìn mọ́tò ni kí ojú ọmọ kọ sí o, Bàbá!" ló pariwo tẹ̀lé mi. "Ẹ má kọ ọ́ síwájú o!"

Mo ní mo ti gbọ́.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé mọ́tò mi ò ní bẹ́líìtì lẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọn ò ṣe é mọ́ ọn o. Ó ní in tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí Dúró tó ń rán awọ ìjókòó mọ́tò bá mi pààrọ̀ awọ ìjókòó mi, èmi ni mo ní kó gé gbogbo bẹ́líìtì ẹ̀yìn kúrò, torí irin rẹ̀ ń gún èrò ní ìdí, wọ́n á sì máa gbé mi ṣépè. Dúró gé e, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ṣe okùn ẹrù. Ẹ ò rí okùn tó dáa bẹ́ẹ̀ rí! Òun ni mo fi ń de àpò gaàrí, òun ni mo fi ń de búùtù tí kò bá padé. Gbogbo àwa tí a jọ ń ná ojú ọ̀nà yẹn la ṣe bẹ́ẹ̀, a ò rí i bí àṣìṣe.

Ni mo bá tú bẹ́líìtì lára àpò gaàrí, mo fi de àga Màríámọ̀ mọ́ ìjókòó. Mo fi rọ́bà táyà kún un. Iwájú ni mo kọ ojú rẹ̀ sí, torí mo rò ó pé èwo ni kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí bàbá àgbà tó ń wà á lọ, ìyẹn ò bá ẹ̀kọ́ ilé mu. Nígbà tí mo parí, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, mo kí ara mi kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, èmi àti Ìyá Malikah gbéra lọ sí Ìfọ́n kí Malikah lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó kí wa kú ìrìn, ó béèrè orúnkún mi tó ń dùn mí, ó béèrè gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti àga. Àga náà mì síwá sẹ́yìn bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Bàbá mi, kò dúró."

"Kò dúró báwo? Àpò gaàrí mẹ́rin ni mo ti fi bẹ́líìtì yìí gbé!"

"Gaàrí ò ní ọrùn, sà."

Mansur dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Mo ní mo ti mọ̀, wọ́n fẹ́ fi mí wọ́lẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ wá, kí wọ́n wá wo bí yóò ṣe jókòó. Malikah ní rárá. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé iṣu kan jáde, ó gba Màríámọ̀ sí ọwọ́ kan, ó gbé iṣu sí ọwọ́ kejì, ó ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédé. Ó fi ṣọ́ọ̀lù wé iṣu, ó dé e ní fìlà òwú ọmọ rẹ̀, ó wá dè é mọ́nú àga gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ní màá de ọmọ.

"Ẹ wà á dé ìdí igi máńgòrò yẹn, Bàbá mi. Ẹ má sáré. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá já sọ́nà."

Iṣu! Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, iṣu ni wọ́n wá fi ń dán mi wò. Gbogbo àdúgbò ti jáde wá wòran. Mo wọlé, mo fi mọ́tò sí jíà kìíní, mo fi í sí ìkejì, mo débi igi, mo tẹ bíréèkì.

Nǹkan kan gbá mi ní ìpàkọ́, gbàgà! Mo kígbe, "Lá ìláà!" Iṣu fo orí mi kọjá, ó lọ fọ́ sí méjì níwájú mọ́tò. Àga náà dojú dé sáàrin ìjókòó iwájú méjèèjì tòun ti bẹ́líìtì gaàrí lára rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè. Ìyá Malikah di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé kí wọ́n gba òun. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n ṣa iṣu náà, mo rí ibi tó ti fọ́, funfun báláú, omi ń jáde lára rẹ̀, fìlà Màríámọ̀ ṣì wà lórí ìlàjì kan. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Mo jókòó síbẹ̀ títí Mansur fi wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Wọ́n ní iṣu ò gbọdọ̀ ṣòfò, ni wọ́n bá sè é. Wọ́n gbé tèmi wá pẹ̀lú ẹyin díndín. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ìyá Malikah jẹ tirẹ̀, ó sì jẹ tèmi mọ́ ọn.

Bí mo ṣe já Ìyá Malikah sílé, ọ̀dọ̀ Dúró ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mo gbà lọ. Mo ní kó bá mi wá bẹ́líìtì gidi, kó dè é padà síbi tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi í sí. Dúró ká ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi irin ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ mọ́tò. Irin náà wọlé bí ẹni ki ìka bọ ẹ̀kọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìpẹtà ti jẹ ibi tí bẹ́líìtì ń dì mú," ló wí. "Tí mo bá dè é síbẹ̀, á dúró tí wọ́n bá fọwọ́ fà á. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ á fà yọ."

"Tí wọ́n bá fọwọ́ fà á, kò ní mì?"

"Kò ní mì."

"Nọ́ọ̀sì náà ò lè mọ̀?"

Dúró wò mí. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àfi èmi àti ẹ̀yin."

Ẹ má bú mi o. Mo rò ó. Mo jókòó sórí táyà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo rò ó dáadáa. Ìrìn kékeré ni. Màá rọra wà á. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Àwọn ará gáréèjì sì ń retí mi. Gbogbo àwíjàre ló wá sí mi lẹ́nu, ọkàn mi ò gba ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé tí bẹ́líìtì yẹn bá dúró lọ́wọ́ Malikah, á bá mi rẹ́rìn-ín, á ní "Ẹ ṣeun, Bàbá mi," á sì gbé ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó lé mi dìde nìyẹn.

"Dúró, fi í sílẹ̀," mo ní. "Mọ́tò mi ò dáa."

Bí èrò kan bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú mi rí, ojú ọ̀nà ni màá já a sí.

Nígbà tó di Sátidé, a dé Ìfọ́n láàárọ̀, mo gbé àga dúdú náà fún Mansur. Mo ní, "Bàbá Màríámọ̀, mọ́tò tìrẹ ni yóò gbé wa. Irin tèmi ti jẹrà." Mọ́tò Mansur sì ti wà lábẹ́ ibòji láti ọjọ́ yìí wá o, bẹ́líìtì rẹ̀ pé pérépéré, ọ̀rá tí wọ́n fi wé ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lára rẹ̀. Mansur ò kàn fẹ́ gba iyì mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

Èmi àti Malikah la jọ de àga. Ẹ̀yìn la kọ ojú rẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi orúnkún tó ń dùn mí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Malikah fa bẹ́líìtì títí ó fi le dan-in dan-in. Nígbà tí a mì í, mọ́tò lódindi ló mì, àga ò mì. Malikah gbé ọmọ sínú rẹ̀, ó bọ́ ṣọ́ọ̀lù tó nípọn kúrò lára rẹ̀ kí okùn lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó fa okùn títí tí kò fi sí èyí tó dẹ̀ tó lè fi ìka fún pọ̀ mọ́ léjìká, ó wá fi ṣọ́ọ̀lù bò ó lórí okùn. Màríámọ̀ yán, kò kà wá sí.

Ni Mansur bá wá síwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Bàbá wa, mọ́tò yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ wà wá lọ."

Ẹ wo irú àna tí Ọlọ́run fún mi! Inú mi dùn dé gongo. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo wọlé, mo jókòó ṣinṣin. Ẹsẹ̀ òsì mi ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí a ń tẹ̀ ká tó pààrọ̀ jíà, kò rí i. Mo bojú wolẹ̀. Bíréèkì wà níbẹ̀, ibi ìtẹná wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta. Irú mọ́tò tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ni. Mi ò wa irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo sì ti sọ ní gáréèjì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kò sí ohun tó ní táyà mẹ́rin tí mi ò lè wà.

Wọ́n ní kò le. Wọ́n ní ọmọdé pàápàá ń wà á. Mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Mo wo dígí òkè, mo rí ẹ̀yìn àga dúdú yẹn, mi ò rí ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀. "Mansur, gbà. Mi ò mọ irú èyí wà."

Ìyá Malikah la ẹnu, ó tún pa á dé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu mi rí. Mansur ní kò ní pẹ́ yé mi, òun á máa júwe rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ. Mo ní, "Màá kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí Màríámọ̀ ni màá ti kọ́ ọ." Ojú tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ojú tì mí gan-an. Malikah kó báàgì rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé e lọ sí búùtù.

"Ẹ bọ́ síbí, Bàbá mi," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ ọmọ yín."

Bí mo ṣe di èrò nìyẹn. Bẹ́líìtì fún mi níkùn. Mansur ń wa mọ́tò jẹ́ẹ́jẹ́, èmi ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. "Kòtò wà níwájú." "Mo ti rí i, sà." "Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún." "Mo ti rí i, sà." Ìyá Malikah tó jókòó síwájú ní bí mi ò bá dákẹ́, òun á já mi sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀gbẹ́, Màríámọ̀ ti lajú, èmi ló ń wò. Ó wò mí títí, kò ṣẹ́jú. Mo gbàgbé kòtò. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé díẹ̀díẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Bí a ṣe yọ sí gáréèjì Ìlobù báyìí, wọ́n ti tò sí etí ọ̀nà lóòótọ́. Wọ́n rí Mansur nídìí ọkọ̀. Wọ́n ń wá mi kiri, wọ́n bá mi lẹ́yìn. Fàwáz fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Dírẹ́bà Màríámọ̀! Ta ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ? Ẹ wá wo Bàdírù lẹ́yìn mọ́tò o!" Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, ẹnìkan ti na ọwọ́ sí fèrè.

Mo yí gíláàsì wálẹ̀. Àwọn èsì tó lè bo Fàwáz mọ́lẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ ti kún mi lẹ́nu.

"Àna mi ló ń wà wá," mo ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má fun fèrè. Ọmọ ń sùn."